Lẹ́tà Baálẹ̀ Nìkan Ò Tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Olùkọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ tọrọ owó ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí, gírántì kékeré tó ń gba ọwọ́ yunifásítì wá. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni òjé àti àwọn irin olóró mìíràn nínú ilẹ̀ oko kòkó tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà lágbègbè Itagunmodi. Ìwé ìkéde ní a gbọ́dọ̀ ní alábàáṣiṣẹ́ láàárín ará ìlú, mo sì ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálẹ̀ kan. Ọ̀gá mi ní ìyẹn ti tó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò tó rárá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Báwo sì ni mo ṣe máa pín owó tí kò tó nǹkan yìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ ni kó o gbọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀gá rẹ parọ́ o. Tó bá jẹ́ kí ìwé rẹ ṣáà wọlé ni, kí akọ̀wé má dá a padà pé nǹkan kan ò pé nínú rẹ̀, lẹ́tà baálẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìwé tó pé lọ́tọ̀, ìwé tó ń mú owó wá lọ́tọ̀. Èyí tó o máa lè fi ojú rere ará ìlú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí tún lọ́tọ̀.

Mo ti jókòó sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́dún kan, lẹ́tà mẹ́ta wá láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ kan ṣoṣo fún olùkọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ọ̀kan dá lórí ẹja, ti èkejì dá lórí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, ti ẹ̀kẹta dá lórí orin ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan àṣìkọ tó wà ní ìlà kẹta. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ géètì ló ni ọ̀rọ̀, baálẹ̀ kàn fọwọ́ sí i ni. Nígbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu wa, a kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti ẹja yẹn dùn mí títí dòní, torí iṣẹ́ gidi ni.

Ohun tí ẹni tó ń ka ìwé rẹ ń wá ni ẹ̀rí pé ẹnì kan lẹ́yìn ọgbà yunifásítì ti bá ọ ronú sí iṣẹ́ náà kó o tó kọ ọ́. Ẹ̀rí yẹn kì í sí nínú lẹ́tà. Inú ìbéèrè ìwádìí rẹ gan-an la ti ń rí i, àti níbi tó o ti ṣírò owó.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìbéèrè rẹ. Òjé nínú ilẹ̀ oko kòkó: ta ló bi ọ́? Ó jọ pé ìwọ lo bi ara rẹ. Kò burú, ilẹ̀ lo mọ̀, ilẹ̀ náà ló sì wá sí ọ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lọ jókòó ti ìyá tó ń pọnmi ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kó o bi í léèrè ohun tó ń dà á láàmú. Mi ò rò pé ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Omi ni. Àwọn tó ń wa wúrà pẹ̀lú ọwọ́ ń gbẹ́ kòtò sétí odò, wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ nínú odò náà, odò á wá pọ́n bí ẹrẹ̀. Ìyá yìí fẹ́ mọ̀ bóyá kànga tó wà nísàlẹ̀ kòtò ṣì ṣeé mu, bóyá ó lè fi omi odò wọ́n ẹ̀fọ́ tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà Atakúnmọ́sà. Ìbéèrè tó o lè dáhùn láàárín oṣù mẹ́fà nìyẹn.

Àgbẹ̀ kòkó ńkọ́? Ó lè má fẹ́ ìwádìí rẹ rárá, mi ò sì ní bá a jà. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń lo òṣùwọ̀n fún cadmium, irin olóró kan, nínú ṣokoléètì àti ìyẹ̀fun kòkó tí wọ́n ń tà fáwọn èèyàn. Àgbẹ̀ tó gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tó ń ra kòkó á máa rò ó pé: bí Dókítà bá kọ ọ́ sínú ìwé pé oko mi ní májèlé, ta ló tún máa ra kòkó mi? Bó o bá wọ ìlú wá pẹ̀lú àpò iyẹ̀pẹ̀ láìtíì dáhùn ìbẹ̀rù yẹn, wọ́n á fún ọ ní emu, wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀ dídùn, o ò sì ní rí oko wọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kó o fi omi ṣáájú, kí ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ò ní sá lọ. Nígbà tí ìlú bá ti rí i pé èsì omi padà dé ọwọ́ wọn, àwọn fúnra wọn lè pè ọ́ sínú oko.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ohun tí owó ìbẹ̀rẹ̀ wà fún, torí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ṣì í lóye. Wọ́n á gba gírántì kékeré, wọ́n á sì ṣèlérí iṣẹ́ gírántì ńlá: ìlú mẹ́wàá, àpò ilẹ̀ igba, àti ojútùú sí ìbàjẹ́ àyíká ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó ń kà á á kàn mi orí ni. Ohun mẹ́ta péré ni owó ìbẹ̀rẹ̀ lè rà fún ọ. Ó lè jẹ́ kó o mọ̀ bóyá ìbéèrè rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó lè fún ọ ní iye díẹ̀ tó o máa gbé síwájú ẹni tó ní owó ńlá. Ó sì lè jẹ́ kí ìwọ àti ará ìlú mọ ìwà ara yín. Ẹ̀kẹta yìí ló wọ́n jù, òun náà sì làwọn èèyàn kì í fi owó sí.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn kì í ṣe olùkọ́: TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ló sábà máa ń wà nídìí irú owó yìí ní àwọn yunifásítì ìjọba wa. Owó orí ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san nígbà náà ló bí i. Òfin 1993 ló dá àjọ tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀, òfin 2011 ló sọ ọ́ di TETFund. Owó orí náà jẹ́ ìdá 2 nínú 100 èrè ilé-iṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó di 2.5 lọ́dún 2021, ó di 3 lọ́dún 2023, kí òfin owó orí tuntun tó fi owó mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti 2026. Nínú owó TETFund ni gírántì kékeré tó ń gba ọ́fíìsì ìwádìí yunifásítì kọ̀ọ̀kan kọjá ti ń wá, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní IBR. Gírántì ńlá tí wọ́n ń pè ní NRF náà wà, níbi tí olùkọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń bára wọn díje. Kékeré yìí ni àtẹ̀gùn sí ńlá yẹn. Bí o bá dé iwájú àwọn NRF láìní nǹkan kan lọ́wọ́, ó máa ṣòro fún ọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ bíbá ará ìlú ṣe ìwádìí yìí, àṣà òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ní Amẹ́ríkà, òótọ́ ni pé àwọn yunifásítì kan tó ń fúnni nírú owó yìí ń béèrè olórí méjì fún iṣẹ́ kan, ọ̀kan láti iléèwé, ọ̀kan láti ìlú, tí wọ́n á sì san ìpín ìlú sọ́wọ́ ìlú tààrà. Ṣùgbọ́n kó o tó wo Amẹ́ríkà, wo ẹ̀yìnkùlé rẹ. Ní 1956 ni dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún. Níbẹ̀ ni kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ti ta gbòǹgbò, níbẹ̀ náà ni káàdì ìwọ̀n ọmọ tí gbogbo ayé ń lò lónìí ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yẹn ni pé ọwọ́ ìyá ọmọ ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù. Ìyá ló ń gbé e lọ sílé, òun ló ń gbé e padà wá. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi pẹ́ láyé nìyẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀ tìrẹ, Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá síbi tó wà yìí ní 1967. Nígbà tó di 1969, àwọn ará ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ti wọ abúlé Isoya lọ, wọ́n ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo. Lásìkò kan náà, àwọn ará Ọ̀rí Olókun, ibùdó àṣà yunifásítì náà, gbé eré àti iṣẹ́ ọnà kúrò nínú ọgbà wá sáàárín ìlú, níbi tí ọmọ Ifẹ̀ tí kò ka ìwé gan-an ti di ayàwòrán àti òṣèré. Bó o bá ń kọ abala tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ yunifásítì rẹ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí, má kọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Kọ Isoya àti Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ alábàáṣiṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí.

Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, mo gbé ìwádìí kan nípa oúnjẹ ọmọ wọ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo kí Kábíyèsí, wọ́n pe ìlú jọ, àwọn àgbà ọkùnrin kún ààfin. Mo ṣàlàyé, a fọ́ obì, wọ́n wúre fún mi. Mo padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé ìlú ti gbà. Nígbà tó di ọjọ́ iṣẹ́, mo kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó wà ní títì. Ìkejì, títì. Ìkẹta, ọmọ kékeré kan jáde, ó ní ìyá òun ní kí òun sọ pé òun ò sí nílé. A lo bí oṣù méjì níbẹ̀ láìrí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ló ṣàánú mi tó sọ òótọ́ fún mi: “Ọjọ́ ọjà wa lẹ pe ìpàdé yín. Gbogbo àwọn tó jókòó sí ààfin lọ́jọ́ náà, èwo nínú wọn ló ń bọ́ ọmọ?” Èmi obìnrin, èmi abiyamọ, n kò rò ó.

Torí náà, nígbà tó o bá ní “ará ìlú”, àwọn wo lò ń sọ? Ní ìlú tí wọ́n ti ń wa wúrà, onílẹ̀ wà tó ń gba owó lọ́wọ́ awakùsà. Àgbẹ̀ wà tí wọ́n hú igi kòkó rẹ̀. Ọ̀dọ́ wà tó jẹ́ pé inú kòtò yẹn ló ti ń rí owó iléèwé àbúrò rẹ̀ san. Àlejò wà tó wá láti òkè ọya, tó ń sùn sínú àgọ́ nínú igbó. Olóúnjẹ wà tí àwọn awakùsà yìí gan-an jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Nígbà mìíràn onílẹ̀, àgbẹ̀ àti ọ̀dọ́ yẹn lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Èsì tó dára lójú ọ̀kan á ba ti èkejì jẹ́. Baálẹ̀ tó fún ọ ní lẹ́tà, nínú àwọn wo ni òun wà? Mo béèrè ni o, mi ò fi ẹ̀sùn kan Bàbá.

Ààfin ṣì ni kó o kọ́kọ́ lọ, ìyẹn ò ní ìjíròrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa buwọ́ lu ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń pàdé déédéé, tó ní akọ̀wé, tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, tó sì ní àkáǹtì ní báńkì lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó sábà máa ń pé báyìí, wọ́n sì máa ń ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin ọlọ́jà náà ń bẹ, bí wọn ò bá tilẹ̀ ní ìwé. Jẹ́ kí ọ̀kan buwọ́ lùwé, kí èkejì jókòó níbi tí ẹ ti ń ṣèpinnu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má mú ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé nítorí gírántì yìí ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Mo ti rí irú ẹ̀. Ó ní ààrẹ, ó ní àmì ẹgbẹ́ lára báńnà, ọmọ ẹ̀gbọ́n olùkọ́ sì ni akápò.

Owó wá kàn. Jẹ́ ká mú un pé ₦2,000,000 ni gbogbo rẹ̀, kó o wá fi iye tó wà nínú ìkéde tìrẹ rọ́pò. Ẹ yan ojú omi 20, kànga, bọ́hòlù àti odò, kí ará ìlú fúnra wọn yàn án, kì í ṣe ìwọ. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀kan lójò, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀rùn, ó di ìgò omi 40. Bí lábù bá gba ₦15,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦600,000 ti lọ. Ọ̀dọ́ mẹ́fà láti ìlú tó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi, tí wọ́n á sì máa kọ àkọsílẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ní ₦5,000 lójúmọ́, ₦300,000 nìyẹn. Fún ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, fún iṣẹ́ akọ̀wé, fóònù, ibi ìpàdé àti àkókò wọn, kọ ₦250,000. Ọkọ̀ lílọ bíbọ̀ nígbà 12 jẹ́ ₦300,000. Ìpàdé gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan láti dá èsì padà, ₦70,000 lórí ọ̀kan, ó di ₦210,000. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tó ń ṣe máàsítà gba ₦200,000. Ìwé àṣẹ, ìtẹ̀wé àti àkókò lórí rédíò gba ₦140,000 tó kù. Rò ó pọ̀, ó pé.

Ìpín ọ̀dọ́ àti ti ẹgbẹ́, tí kì í ṣe jíjẹ mímu, jẹ́ ₦550,000, ó lé díẹ̀ ní ìdámẹ́rin gbogbo owó. Ìyẹn gan-an ni ẹni tó ń ka ìwé rẹ á kọ́kọ́ wò. Bí o bá kọ sí i pé “ìdálẹ́kọ̀ọ́ ará ìlú, ₦40,000”, tó sì jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ₦900,000, kò sí lẹ́tà ọba kankan tó máa gbà ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní kó o má ra kọ̀ǹpútà. Rà á nínú owó míì.

Bọ́sárì lè ní àwọn ò lè san owó fún ẹgbẹ́ tó wà níta. Má ba wọn jà, má sì fi owó sínú àkáǹtì ara rẹ pé o máa bá wọn fi ránṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni. Béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìwádìí kó o tó kọ ìwé pé ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà san owó fún ẹni tó bá yunifásítì ṣiṣẹ́. Ó sábà máa ń gba ìwé àdéhùn iṣẹ́, níbi tí a ti kọ ohun tí ẹgbẹ́ máa ṣe, ìgbà tó máa ṣe é àti iye rẹ̀. Àwọn rìsíìtì náà ńkọ́? Ẹni tó ń gbé ọ lórí ọ̀kadà wọ inú oko kò ní rìsíìtì. Ra ìwé rìsíìtì òfìfo kó o kọ ọ́ fún un, kó tẹ ìka sí i. Nǹkan kékeré báyìí ló ń mú kí owó ìpele kejì pẹ́ kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ lábù, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tàn ọ́ jẹ. Òṣùwọ̀n omi mímu ní Nàìjíríà ni pé òjé ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan, cadmium ò gbọ́dọ̀ ju 0.003 lọ. Ẹ̀rọ AAS oníná, èyí tí wọ́n fi ń wọn irin nínú omi, tó wà ní ọ̀pọ̀ lábù wa lè má rí òjé dáadáa ní ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn: iye tó kéré jù wo ni ẹ̀rọ yín lè rí láìṣìnà? Bó bá ju 0.01 lọ, “a ò rí òjé” tí wọ́n kọ fún ọ kò túmọ̀ sí pé omi náà dára. Ó kàn túmọ̀ sí pé ojú ẹ̀rọ ò tó o. Ó sàn kó o dín ojú omi kù sí 12, kó o kó wọn lọ síbi tí ẹ̀rọ tó múná ju bẹ́ẹ̀ lọ wà. Mákúrì, tí àwọn awakùsà kan fi ń kó wúrà jọ, fi í sílẹ̀ di gírántì tó ń bọ̀. Ìgò tirẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà àyẹ̀wò rẹ̀ yàtọ̀, owó rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Ásíìdì nitric tí ẹ máa kán sínú ìgò omi kí irin má lẹ̀ mọ́ ara ike, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ni kó máa mú un dání, kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́.

Má sì fi ọ̀rọ̀ Zamfara dẹ́rù ba ìgbìmọ̀. Òótọ́ ni pé ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọdé tó lé ní irinwó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ kún fún òjé lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n. Òkúta Ifẹ̀ àti Iléṣà ní ìtàn tirẹ̀, ìwádìí rẹ ló sì yẹ kó sọ ọ́. Bí èsì bá fi hàn pé omi dára, ìyẹn náà ni èsì. Ìyá tó ń pọnmi á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ ju olóòtú jọ́nà, ìwé tí a ń tẹ èsì ìwádìí sí, lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ba orúkọ yunifásítì jẹ́ ni ọ̀rọ̀ èsì. O mọ àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ àtijọ́ tó ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ní ti ìwádìí, ìwọ lo rajà láwìn. Ìlú fún ọ ní omi, àkókò, ọ̀rọ̀ inú wọn àti orúkọ wọn, o sì ti fi gba owó, o máa fi gba ìgbéga. Wọ́n kàn ń tijú láti wá lóṣòó ní géètì yunifásítì ni. Ní 2017, àwọn San, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Gúúsù Áfíríkà, kọ ìlànà tiwọn fún olùwádìí tó bá fẹ́ wọ àárín wọn, lára ohun tó sì mú wọn kọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ṣèlérí láti mú èsì padà wá tí wọn ò mú un wá. Bí Ìjẹ̀ṣà bá kọ tiwọn, yóò le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà, inú ìwé àdéhùn ni kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló máa kọ́kọ́ gbọ́ èsì, láàárín ọjọ́ mélòó, lédè wo. Èrò tèmi ni pé àwọn tó ń pọn nínú kànga kan ló ni èsì kànga náà, kí wọ́n sì gbọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí lábù bá gbé e jáde, kó tó dé ọ̀dọ̀ oníròyìn tàbí jọ́nà kankan. Bí ọ̀kan bá burú, má kàn sọ pé “ẹ má mu ún mọ́” kó o sì wọkọ̀. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kó o ti bá àwọn tó ń bójú tó omi ìgbèríko ní ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀, kó o mọ ẹni tó o máa pè. Sísè kì í yọ òjé kúrò nínú omi, sọ ìyẹn fún wọn lédè tó yé wọn, torí ohun tí gbogbo ilé máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn ìpàdé, gbé e lọ sórí Great FM nínú ọgbà yín tàbí Òrìṣun FM, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ọ jókòó sídìí màìkì.

Ìdí mìíràn wà tí èsì fi ṣe pàtàkì fún wọn. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà kọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè pẹ̀lú ìlú tó gbà á lálejò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlú tó mọ bí omi rẹ̀ ṣe rí lónìí, tó ní iye rẹ̀ lákọsílẹ̀, kì í ṣe òfìfo ló ń gbé lọ sídìí tábìlì yẹn. Sọ èyí fún wọn ní ìpàdé àkọ́kọ́. Bí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kankan bá ní òun fẹ́ fi owó kún gírántì rẹ, dúpẹ́, kó o má gbà á.

Àwọn yòókù yá. Bíbu omi ò sábà nílò ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n bí o bá máa bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ nípa ìlera rẹ̀, ó pọn dandan. Lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó wà ní Institute of Public Health yín lọ́sẹ̀ tó o bá ti kọ ìwé tán, torí wọ́n máa ń ní iṣẹ́ nílẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda, kọ ọ́ ní Yorùbá, kà á sókè fún ẹnì kan ní ìlú náà kó o tó tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó bá kópa nínú títò ìbéèrè, kíkó àkọsílẹ̀ àti kíka èsì, orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà lára àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ, bí òun bá fẹ́. Ẹni tó kàn fún ọ ní àga jókòó, ìdúpẹ́ tó o.

Ní ti lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ, má ya á. Mú un dání lọ sí ààfin, sọ pé o fẹ́ kọ òmíràn tí ọ̀rọ̀ ìlú máa wà nínú rẹ̀. Béèrè ọjọ́ ọjà wọn kó o tó dá ọjọ́. Lọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí àwọn obìnrin bá ti ti ọjà tàbí oko dé, má gbé fọ́ọ̀mù dání, má gbé ìgò omi dání. Bi wọ́n pé kànga wo ni wọ́n ń sá fún, kó o kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é, “kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì”, “omi ìyá Fúnmi”, ohunkóhun tó bá jẹ́. Orúkọ wọ̀nyẹn ni kó o kọ sínú táblì àkọ́kọ́ nínú ìwé tó o máa fi ránṣẹ́.